Nígbà Tí Ohùn Ọmọ Ń Dé Lẹ́ẹ̀mejì Lọ́dún

Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere nínú ìjọ wa lónìí rí ojúure tí àwa kò rí. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọ ń pe ilé. Ìyá á rí ojú rẹ̀ lórí fóònù, á mọ̀ bóyá ó rù, á mọ̀ bóyá ó ti gẹrun. Láyé tiwa, kí oṣù kejì ọdún 2019 tó dé, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni òbí ń gbọ́ ohùn ọmọ: ọjọ́ Kérésìmesì àti Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Ìyókù ọdún, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọdún méjì ni ti ọkùnrin, oṣù méjìdínlógún ni ti obìnrin. Ọmọ kì í wálé ọdún, kì í wálé ìgbéyàwó, bí àgbà bá sì kú nílé, ibi tó wà ni yóò ti sunkún rẹ̀.

Èmi ní méjì níta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ kọ bí ilé wa ṣe rí nígbà náà sílẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tí àsìkò yẹn kọ́ wa.

Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn ni ìjọ wa, èyí tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń pè ní Mọ́mọ́nì. Bí ẹ bá ti rí àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n so táì mọ́rùn, tí wọ́n fi báàjì dúdú sáyà, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láàárín ọ̀sán gangan, àwa la bí wọn. Wọn kì í gba owó oṣù. Ẹnì kan kì í dá rìn, méjì méjì ni wọ́n ń gbé, méjì méjì ni wọ́n ń jáde. Ẹ́lídà ni à ń pe ọkùnrin inú wọn, Sísítà ni à ń pe obìnrin. Láti ọjọ́ tí àkọ́bí mi ti lọ ni àwọn tí a jọ ń tajà ní Bódìjà ti ń pè mí ní Ìyá Ẹ́lídà, títí di òní.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bi mí nígbà náà pé báwo ni ìyá ṣe ń yọ̀ǹda ọmọ tó ti tọ́ dàgbà, tó ti rán níléèwé, kó máa lọ kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn nílùú tí kò mọ ẹnìkan. Ìdáhùn mi wà nínú ìtàn ìjọ wa nílẹ̀ yìí. Láti bí ọdún 1960 ni àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí olú-ìjọ ní Salt Lake City, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Wọn kò rí ẹni tó gbé ìjọ kalẹ̀ fún wọn, nítorí ìjọ kì í fi oyè àlùfáà lé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lórí láyé ìgbà yẹn. Oṣù kẹfà ọdún 1978 ni òfin yẹn yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, tọkọtaya méjì dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà. Ọkùnrin yẹn ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti kọ lẹ́tà títí. Àwa tí a mọ̀ pé àwọn kan dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá bá wọn, ẹnu wo la fẹ́ fi sọ pé kí ọmọ tiwa má lọ bá ẹlòmíràn?

Ọdún 2013 ni ìwé tó pe àkọ́bí mi sẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere dé. Àpòòwé funfun ńlá ni láyé ìgbà yẹn, láti Salt Lake City. Bàbá wọn ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí gbogbo wa á fi pé sí pálọ̀. Ọmọ náà dìde dúró, ó kà á sókè: Sàró ni, ìyẹn Sierra Leone, ní Freetown. Bàbá wọn kò sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó lọ mú àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà inú ìwé jọ́gíráfì àtijọ́ rẹ̀ wá, ó sì fi ìka wá ibẹ̀ kàn.

Télọ̀ àdúgbò ran ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un. Wọ́n ní kó mú bàtà tó nípọn nísàlẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. A gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti yẹ́lò káàdì. Mo di gààrí Ìjẹ̀bú àti kúlíkúlí sínú àpótí rẹ̀. Láti Èkó ló ti wọ bàálù lọ sí Gánà, ó dé Tema, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ ìhìnrere wà nígbà náà, ibẹ̀ ló sì ti kọjá sí Sàró.

Ọdún 2014 bẹ̀rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin náà ní òun ń lọ. Kí oṣù kẹwàá ọdún 2012 tó dé, obìnrin gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kó tó lè lọ. Ní oṣù náà ni ìjọ sọ ọ́ di mọ́kàndínlógún, àwọn ọmọbìnrin sì ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Tèmi ti parí poli ní tirẹ̀, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ẹjọ́ sílẹ̀ nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá láti Mọ́níyà.

Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ọmọ yìí ti tó gbé nílé ọkọ. Ẹ fẹ́ kó gbé Bíbélì há abíyá, kó máa rìn kiri ilẹ̀ Ìgbò. Ọkùnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọkọ rẹ̀ á dúró dè é."

"Bí kò bá wá dúró?"

"A jẹ́ pé kì í ṣe ọkọ rẹ̀ nìyẹn, mà."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ká fún àwọn lómi mu. Enugu ni wọ́n rán ọmọ náà sí. Ọjọ́ tó lọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ló gbàdúrà tó gùn jù fún un.

Ó wá ku àwa mẹ́ta nílé: bàbá wọn, èmi, àti àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin tó wà ní JSS. Iṣẹ́ tí àwọn mẹ́ta ń pín ṣe já lé e léjìká. Òun ló ń fa omi nínú kànga, òun ló ń tan jẹnẹrétọ̀, òun náà ni akọ̀wé mi.

Ọjọ́ Ajé ni ìsinmi àwọn òjíṣẹ́ wa, ọjọ́ tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n ń lọ ọjà, tí wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sílé. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Ajé, mo máa ń fi ẹ̀wà àti ẹ̀lùbọ́ mi lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án, n óò sì pàdé àbíkẹ́yìn mi ní káfè kan lójú ọ̀nà Sángo. Fóònù alátọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò, kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ọmọ náà á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, èmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n óò máa sọ, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Yorùbá ni, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, àwọn tó ń kà á lọ́hùn-ún sì gbọ́ ọ yé. Ìṣẹ́jú tó kù nínú owó tí a san máa ń hàn ní igun kọ̀ǹpútà, á máa dín kù lójú wa. Àbíkẹ́yìn mi á ní, "Màmi, ẹ má sọ ti àwọn ará Mọ́níyà mọ́, ẹ gbàdúrà fún wọn ká lè firánṣẹ́." Bí NEPA bá mú iná lọ kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, a ó tún un bẹ̀rẹ̀ látorí "Ọmọ mi ọ̀wọ́n."

Mi ò kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá sí wọn. Mo ń kọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà. Mo ń kọ ẹni tó bímọ, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà, ẹni tó kó dé ilé tuntun, bí bàbá wọn ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe. Ìmọ̀ràn kò wọ́n wọn níbi tí wọ́n wà. Ìròyìn ilé ni mo fẹ́ kí wọ́n rí kà, kí wọ́n mọ̀ pé a ṣì ń gbé nínú ilé tí wọ́n mọ̀.

Tiwọn tó bá wọlé, a ó tẹ̀ ẹ́ sí pépà, a ó gbé e délé. Alẹ́ ọjọ́ Ajé kan náà ni ìjọ wa yà sọ́tọ̀ fún ìjókòó ẹbí, nítorí náà lẹ́yìn orin àti àdúrà, bàbá wọn á wọ awò, á kà á sókè. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á. Bó bá parí ti Sàró, á ka ti Enugu, lẹ́yìn náà á lu ihò sí etí pépà náà, á tò ó sínú fáìlì, á kọ déètì sí i lókè. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tí ń sọ pé àárò ọmọ ń sọ òun. Fáìlì yẹn ló fi ń sọ ọ́.

Lẹ́tà Freetown dùn ún gbọ́. Ọmọ náà kọ ọ́ pé àwọn ẹ̀yà Kíríò ibẹ̀ ń jẹ àkàrà bíi tiwa, pé wọ́n ń se àsè ìrántí òkú, àwùjọ ni wọ́n sì ń pè é. Ó ní òun bá àwọn arúgbó pàdé tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Kíríò ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó sọ fún wọn pé ọmọ Ìbàdàn ni òun, wọ́n ní kó jókòó, ilé rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́tà yẹn ló mú bàbá wọn sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wa lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti kọ́ ọ níléèwé gẹ́gẹ́ bí ìtàn bíṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ náà, ìtàn ìyá bíṣọ́ọ̀bù ni mo gbọ́. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Òṣogùn lẹ́rú, tí wọ́n ya Àjàyí nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Àfàlá. Wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ òkun, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní ọdún 1822. Àwọn àjèjì ló fún un lóúnjẹ níbẹ̀, àwọn ló kọ́ ọ ní ìwé. Ọdún 1846 ni ìyá àti ọmọ tún tó fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ọmọ ti di oníwàásù. Ní ọdún 1848, ọmọ yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún ìyá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Hannah. Nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n láìsí lẹ́tà, láìsí ẹni tó lè sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Èmi yọ̀ǹda tèmi, mo sì mọ ọjọ́ tó ń bọ̀ wálé. Àfàlá kò yọ̀ǹda tirẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá yóò bọ̀ láé. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkúùgbà tí àárò bá fẹ́ wọ̀ mí lára, mo máa ń dúpẹ́ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Ọpẹ́ yẹn dojú kọ ìdánwò láìpẹ́. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2014, Ebola wọ Sàró. Ní ogúnjọ́ oṣù keje, ọkùnrin kan tó ti kó o gúnlẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà. Ìbẹ̀rù gba gbogbo ìlú. Wọ́n gbé ike olómi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà ọjà, àwọn ènìyàn kò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́, àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ kò rí oníbàárà. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, fóònù ń dún káàkiri pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Irọ́ ni, ó sì ṣe àwọn kan ní jàǹbá. Àwọn oníbàárà mi tó mọ̀ pé ọmọ mi wà ní Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lókèèrè bí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀wà, bíi pé àìsàn ń gba inú lẹ́tà kọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ yẹn, ìjọ kó gbogbo òjíṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Sàró àti Làìbéríà, wọ́n pín wọn sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Gánà ni wọ́n gbé tèmi lọ. Gbogbo àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń pè láti Mọ́níyà: "Ìyàwó wa, kí ni ìròyìn ọmọ wa?" Nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ "Àlàáfíà ni, mà," wọ́n á ní kí n tún un sọ. A gbààwẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù náà gẹ́gẹ́ bí ìjọ wa ṣe máa ń ṣe, àmọ́ orúkọ tí a dá lọ́jọ́ náà kò mọ sí ti ọmọ wa. A dá orúkọ Freetown. Àwọn tó ní kí ọmọ mi jókòó, ilé rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó kó wọn lọ sí Gánà.

Ènìyàn mẹ́jọ ló kú ní Nàìjíríà kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá pé a ti bọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ yẹn jáde nílé ìwòsàn, tó fi bẹ́ẹ̀ gba ìlú là, tó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Òun náà bímọ, ìyá ni. Mi ò lè sọ ìtàn ọdún yẹn láìdárúkọ rẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ilé wa kò dá páro. Àwọn Sísítà méjì ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò wa: ọ̀kan ará Gánà, èkejì ará Akwa Ibom. Èyí Akwa Ibom kọ́kọ́ bẹ̀rù àmàlà, ó ní dúdú rẹ̀ pọ̀ jù. Kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, òun fúnra rẹ̀ ló ń da gbẹ̀gìrì lé ewédú, tó ń béèrè ṣàkì. Wọ́n máa ń bá wa jẹun, wọ́n á bá àbíkẹ́yìn mi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á sì kí mi ní Yorùbá tí wọ́n ń kọ́.

Lọ́jọ́ kan, ibà dá ọmọ Gánà gúnlẹ̀. Ó ti rí dókítà, ó ti gba oògùn, àmọ́ oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo po ògì fún un, mo fi mílíìkì sí i, mo jókòó tì í, mo ń fi ṣíbí bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ lẹ́tà. Mo gbọ́ tó ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé kó bá òun kọ ọ́ sí màmá òun pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Mo ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí o kò sọ fún màmá rẹ pé ara rẹ kò yá?"

Ó ní, "Màmá, ó jìnnà. Kí ló lè ṣe sí i? Á kàn máa sunkún ni."

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ lẹ́tà ọmọ kà. Bí ọmọbìnrin mi bá kọ̀wé láti Enugu, tí lẹ́tà náà kún fún oúnjẹ àti ẹjọ́ àti ẹni tó mú wọn rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ le. Bó bá kọ ọ́ pé dáadáa ni òun wà, tó sì tún un kọ, tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo mọ̀ pé nǹkan kan wà nísàlẹ̀. Mi ò bi í léèrè. Mi ò fẹ́ kó máa wá irọ́ tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àdúrà mi ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, mo ń ní kí Olúwa dáàbò bò ó. Mo wá ń ní kí Ó fi obìnrin kan sí ìtòsí rẹ̀ tó ní ìkòkò lórí iná.

Nígbà tó dé ní ọdún 2015, ó sọ fún mi. Ó ṣàìsàn níbẹ̀, lóòótọ́. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀kpà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ló ń wá wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, tó ń gbé oúnjẹ olómi wá, tó ń bá a fọṣọ. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, Kátólíìkì ni. Kò gbọ́ ìwàásù wọn títí wọ́n fi kúrò, kò sì fìgbà kan pa ilẹ̀kùn dé. A pè é lórí fóònù. Pijin tí kò já gaara lẹ́nu àwa méjèèjì ni a fi sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ títí mi ò mọ ohun tí mo ń sọ mọ́. Ó ní ọmọ tó ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ ilé òun, ọmọ òun ni, kí n má dúpẹ́ bíi pé àlejò ni òun. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ọdún yẹn ni mo rí díẹ̀ nínú igba ojú náà.

Ẹ óò máa retí kí n sọ ti ìpè Kérésìmesì. Kò gùn. A ti ń wẹ̀, tí a ti ń múra láti àárọ̀ bíi pé ọmọ máa rí wa. Fóònù á dún, gbogbo wa á pariwo papọ̀, ìgbà tí ara bá fi máa balẹ̀, àkókò á ti fẹ́ tán. Bàbá wọn á gba fóònù, á béèrè pé, "Ṣé o ń jẹun?" Ọmọ á ní, "Ẹ ṣé, sà, mò ń jẹun." Á sì dá fóònù padà fún mi. Àwọn méjèèjì ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n sọ.

Àwọn ọmọ wálé láyọ̀. Ọkùnrin tó ń bá ọmọbìnrin mi sọ̀rọ̀ dúró, wọ́n sì ti ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló mú un lọ sílé ọkọ. Nígbà tí ìkéde jáde ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì ọdún 2019 pé àwọn òjíṣẹ́ lè máa pe ilé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo jó nínú ìsọ̀ mi. Lẹ́yìn tí Kòrónà rọlẹ̀, àbíkẹ́yìn mi, akọ̀wé mi, náà gba ìwé tó pè é sẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere. Mo ń rí i lójú fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ó sì dára gan-an, n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wa padà sí ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n fóònù kò bu oúnjẹ sí àwo. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín wà níta nísinsìnyí, ẹ pè é, ẹ wò ó, ẹ yọ̀. Bí ìpè bá parí, ẹ wo àwọn ọmọ méjì tó ń kọjá ní àdúgbò yín, ìjọ yòówù kí wọ́n ti wá, ẹ pè wọ́n wọlé, ẹ bu oúnjẹ fún wọn, kí ẹ sì béèrè bí ara wọn ti rí, nítorí wọn kò ní sọ ọ́ fún ìyá wọn. Ohun tí ẹ ń tọrọ fún ọmọ yín nìyẹn, ọwọ́ yín ni Ọlọ́run sì fẹ́ fi dáhùn ẹ̀bẹ̀ ìyá ẹlòmíràn.